Ìrìn Ìrọ̀lẹ́ Rọ̀gbọ̀dọ̀

“Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò ní jẹ ẹ́.”

Bàbá Oníbúrẹ́dì dúró gbagidi níwájú ààrò. Búrẹ́dì tó kọ́kọ́ jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ló dì mú. Ó ti fà á ya sí méjì, ó ti fi bọ́tà sí i láàárín, bọ́tà náà sì ti ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìka rẹ̀ sílẹ̀. Láti kékeré ni ó ti ń fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní búrẹ́dì àkọ́yọ kí ó tó lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ náà kò kọ̀ ọ́ rí.

“Ṣé ara ẹ ò yá ni?”

“Ara mi yá, Bàbá.”

“Àbí iyọ̀ ẹ̀ ló pọ̀ jù?”

“Rárá o. Kò sí nǹkan tó ṣe búrẹ́dì yín. Mi ò kàn fẹ́ ni.”

Ó gbé àpò ìwé kọ́ èjìká, ó bọ́ síta. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn láti ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣì wà lókè, bí ọwọ́ ẹni tó juwọ́ sí ènìyàn lójú títì tí onítọ̀hún kò sì dá a mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ọmọbìnrin náà ti di ìyá ọlọ́mọ. Síbẹ̀, bí ó bá gbóòórùn búrẹ́dì gbígbóná níbikíbi, ọwọ́ yẹn ni ó máa ń kọ́kọ́ rí.

Rọ̀gbọ̀dọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ ló fún un ní orúkọ náà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí bí ìyẹ̀fun pípò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú. Bí ìyá bá ń wẹ̀ fún un, á máa kì í pé, “Rọ̀gbọ̀dọ̀ mi, ọmọ tó kún ọwọ́ ìyá ẹ̀ bámúbámú.” Nígbà tí ọmọ wọ ilé-ìwé girama, orúkọ tó jẹ́ oyin lẹ́nu ìyá di ewúro lẹ́nu àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹnìkan á pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ yà o, Rọ̀gbọ̀dọ̀ ń bọ̀, kí àtẹ̀gùn má baà dá!” Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù.

Ìyá náà ti kú nígbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ó ń ká aṣọ gbígbẹ lórí okùn lọ́wọ́ ni, ó ní orí ń fọ́ òun, ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ilé ti dá páropáro. Bàbá kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ikú ìyàwó rẹ̀ sì tún gba ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀. Kò mọ bí a ṣe ń bi ọmọ obìnrin pé, “Kí ló ń dùn ẹ́?” Ohun tó mọ̀ ni búrẹ́dì. Ó ń fún un ní búrẹ́dì ní òwúrọ̀, ó ń fún un ní búrẹ́dì oníṣúgà bó bá ti ilé-ìwé dé, ó sì ń fún un ní èyí tí a rì sínú mílíìkì kó tó sùn. Ìfẹ́ ni bàbá ń fún ọmọ rẹ̀ jẹ, ara ọmọ sì ń gba ìfẹ́ náà wọlé.

Ilé tó dùn ún gbé ni, ká má purọ́. Yàrá Rọ̀gbọ̀dọ̀ àti ilé ìyan-búrẹ́dì jọ pín ògiri kan ni, nítorí náà, ògiri náà kì í tutù. Nígbà òtútù, á fi ẹ̀yìn tì í, á máa kàwé, á máa gbọ́ bí àwọn agolo ṣe ń kanra wọn ní òdìkejì, àti bí àwọn òṣìṣẹ́ bàbá rẹ̀ ṣe ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun. Òórùn náà wà lára aṣọ rẹ̀, ó wà nínú irun rẹ̀, ó wà láàárín ojú ìwé rẹ̀ gbogbo.

Ohun tó jẹ́ kó kọ búrẹ́dì lówùúrọ̀ ọjọ́ náà kò ju pé nọ́ọ̀sì kan wá sí ilé-ìwé wọn láti yẹ ara àwọn ọmọ wò. Nígbà tó kan Rọ̀gbọ̀dọ̀, nọ́ọ̀sì náà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó sì ní kí àwọn yòókù bọ́ síta.

“Ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ẹbí yín?”

“Ìyá mi, mà. Òun ló pa wọ́n.”

Nọ́ọ̀sì náà gbé bírò sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

“Tìẹ náà ti ń gbéra sókè ju bó ṣe yẹ fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mi ò fi dẹ́rù bà ẹ́ o. Tí ara ẹ bá fúyẹ́ díẹ̀, á padà sípò. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni o, ọmọ mi. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, ọ̀sẹ̀ méjì ò lè kó o dànù. Sọ fún bàbá ẹ kí wọ́n wá rí mi.”

Kò sọ fún bàbá. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Láti ìgbà tí ìyá ti kú, bí Rọ̀gbọ̀dọ̀ bá sín, bàbá á fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wò ó. Bó bá gbọ́ “ẹ̀jẹ̀ ríru”, oorun kò ní kun ojú rẹ̀ mọ́. Ó rò pé òun yóò dá ọ̀rọ̀ náà yanjú kí bàbá tó mọ̀ rárá.

Ó sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé. Ó fi omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹyin sísè àti ẹ̀fọ́ ni ó ń jẹ lówùúrọ̀. Kò pẹ́, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ní ìbàdí, ó sì lè gun àtẹ̀gùn ilé-ìwé láì dúró mí. Ayọ̀ kò jẹ́ kó rí oorun sùn. Bàbá nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Kò bèèrè ohunkóhun mọ́. Ó ṣáà ń gbé búrẹ́dì àkọ́yọ sórí tábìlì lójoojúmọ́, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á wá gbé e kúrò. Lọ́jọ́ kan, Rọ̀gbọ̀dọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri tó ń sọ fún òṣìṣẹ́ kan pé, “Ọmọ ti dàgbà. Ó ti ń tijú òórùn ìyẹ̀fun.” Ó dùn ún wọ egungun. Ó dìde láti lọ bá a, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, òṣùwọ̀n kọ̀, kò lọ sílẹ̀ mọ́. Ohun tí Rọ̀gbọ̀dọ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣì ń ṣe, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dúró sójú kan bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ojoojúmọ́ ni ó ń yà ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó wà ní ìkóríta láti gun òṣùwọ̀n. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà rí i títí, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ò jẹ́ kí òṣùwọ̀n mi sinmi. Àbí ẹ̀ ń fẹ́ra yín ni?” Gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Rọ̀gbọ̀dọ̀ ń sunkún lọ sílé.

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ológe, tó jẹ́ pé kò sí ohun tó wà nínú fóònù tí kò mọ̀. Òun ló bá a níbi tó jókòó sí lẹ́yìn kíláàsì.

“Ìrìn? Ta ló ń rìn láyé yìí?” Ológe yọ ọ̀rá kékeré kan nínú àpò, hóró oògùn pupa rẹ́súrẹ́sú wà nínú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi lo èyí. Kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó, aṣọ ìyàwó ti ń já bọ́ lára ẹ̀. Ìdánwò àṣekágbá ti dé tán, fọ́tò ìdágbére náà ń bọ̀. Ṣé bó o ṣe rí yìí lo fẹ́ kí wọ́n máa wò títí ayé?”

Kò sí orúkọ lára ọ̀rá náà, kò sí ẹni tó ṣe é, kò sí bí a ṣe ń lò ó. Rọ̀gbọ̀dọ̀ mọ òwe àwọn àgbà pé ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. Ó ti kọ òwe náà nínú ìdánwò rí, ó sì gbà á. Ṣùgbọ́n ojú ń kán an. Ó gba oògùn náà.

Oògùn náà ṣiṣẹ́, èyí ló burú jù níbẹ̀. Oúnjẹ kò wù ú mọ́ rárá. Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di ohun tó ń fi okùn dì mú ní ìbàdí. Àwọn tó ń pariwo lórí àtẹ̀gùn wá ń bi í pé kí ni àṣírí ẹ̀. “Ṣé o rí i?” ni Ológe ń wí. Ṣùgbọ́n bí ó bá dùbúlẹ̀, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ń ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì ní í rántí ohun tó kà. Ó ní kò burú, bí òun bá ti ya fọ́tò tán, òun á dá a dúró.

Ìdánwò ìṣirò ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ tó ṣubú. Ìbéèrè kejì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìwé bí èèrà. Ó gbé orí sókè láti pe olùkọ́, ohùn kò jáde. Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn ni ariwo àga tó wó lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tó lajú, orí ibùsùn ọsibítù ló bá ara rẹ̀. Bàbá wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ṣì funfun ní ìpéǹpéjú rẹ̀, sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì bára mu, ó hàn pé kò wo ilẹ̀ kó tó sáré jáde. Dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá oògùn náà lọ́wọ́.

“Ọkàn ẹ̀ ni oògùn yìí ń lé kiri, sà,” ni dókítà wí. “Ọpẹ́ ni pé wọ́n tètè gbé e wá. Tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni...” Kò parí rẹ̀. Ó fi wọ́n sílẹ̀.

Bàbá jókòó.

“Ṣé búrẹ́dì mi ló lé ẹ débí? Ṣé ò ń tijú mi ni?”

Ẹkún gbọn Rọ̀gbọ̀dọ̀. “Rárá, Bàbá! Ẹ̀rù ló ń bà mí. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru bíi ti Ìyá. Mi ò fẹ́ kí ẹ tún máa ṣọ́ bí mo ṣe ń mí. Mo ní kí n tètè fọn, kí gbogbo ẹ̀ parí.”

Bàbá kò bínú. Ojú rẹ̀ ṣáà dà bí ẹni tí ẹnìkan pè láti ọ̀nà jíjìn.

“Dókítà ní kí ìyá ẹ máa rìn,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ní ìrọ̀lẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, ‘Bàbá Rọ̀gbọ̀dọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.’ Èmi á ní ààrò ò tíì tutù, ó dọ̀la. Kò fẹ́ dá nìkan rìn. Ó ń dúró dè mí. Gbogbo ọ̀la tí mo dá fún un yẹn, ọmọ mi, kò sí ọ̀kan tó dé.”

Wọ́n sunkún pọ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá àtọmọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Ṣùgbọ́n ẹkún kì í dá ohun tó bàjẹ́ padà. Ìdánwò ìṣirò ti lọ. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ya fọ́tò láìsí i, wọ́n sì tẹ̀ síwájú. Ó di dandan kó dúró di ọdún tó tẹ̀ lé e, kó jókòó láàárín àwọn tó kéré sí i láti tún un ṣe. Ẹran-ara tí oògùn lé lọ náà padà wá, ó sì tún mú àlejò dání. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, Rọ̀gbọ̀dọ̀ ti sanra ju bó ṣe wà kó tó bẹ̀rẹ̀ lọ.

Bàbá ra bàtà kánfáàsì fún ara rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde wá wòran, ọ̀kan sì bi í bóyá ó fẹ́ lọ gba bọ́ọ̀lù. Bàbá àtọmọ kọjá níwájú ilé káfíńtà, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé-ìwé, wọ́n dojú kọ ibi tí táńkì omi ńlá ìlú wà. Kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, bàbá ti di ìgbáròkó mú.

“Ta ló sọ ọ̀nà yìí di òkè?” ló wí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, pẹrẹsẹ ló wà.”

Rọ̀gbọ̀dọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkúta.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, tí oòrùn bá ti rọ̀, wọ́n á jáde. Ohun ìyanu kan sì ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn: ẹnu bàbá là. Ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ nínú ilé, tó bá ti ń rìn, á máa sọ ọ́. Ó sọ bí òun àti ìyá rẹ̀ ṣe pàdé: ìyá ló gbé búrẹ́dì kan wá pẹ̀lú ìbínú, okùn àpò ìyẹ̀fun kan ń yọ lára rẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá oníbúrẹ́dì, ṣé ẹ fi okùn yìí sí i ká lè máa so ó mọ́lẹ̀ ni?” Bàbá fún un ní òmíràn. “Lọ́jọ́ kejì, ó tún padà wá. Kò mú ẹ̀sùn kankan dání. Mo ní, ẹẹ́n-ẹẹ̀n!” Òun pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé tó ń pọn omi lẹ́bàá táńkì sì ń wò wọ́n.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló dùn. Ìgbà kan wà tí òjò ń ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Rọ̀gbọ̀dọ̀ ti gun òṣùwọ̀n lọ́sàn-án, ó sì rí i pé òun tún ti wúwo sí i. Bàbá dé ẹnu yàrá pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó bá a ní ìdùbúlẹ̀.

“Ẹ máa lọ, Bàbá. Mi ò rìn mọ́. Kí la ń rìn fún?”

Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. “Tí mo bá po ìyẹ̀fun tán, tí mo fi aṣọ bò ó, kí ni mo máa ń ṣe?”

“Ẹ máa ń lọ ṣe nǹkan mìíràn.”

“Tí mo bá ń ṣí i wò ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ńkọ́?”

“Kò ní wú dáadáa.”

“Ó dáa. Yé ṣí ara ẹ wò.” Ó tọ́ka sí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. “Tèmi o, kì í ṣe tìtorí òṣùwọ̀n ni mo ṣe ń rìn. Àsìkò yẹn nìkan lo máa ń sọ tinú ẹ fún mi. Tó o bá dá a dúró, kí ni n ó máa fi ìrọ̀lẹ́ ṣe?”

Rọ̀gbọ̀dọ̀ fa bàtà rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó dìde. Wọ́n rìn nínú òjò wínníwínní náà, wọ́n kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì padà wálé pẹ̀lú aṣọ tútù. Kò sí ohun àrà kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ gbà títí dòní pé ìrọ̀lẹ́ yẹn ló gba òun là, nítorí pé ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ lọ láìfẹ́ lọ.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì nìkan ló ti ń gun òṣùwọ̀n. Ó ń jẹ búrẹ́dì bàbá rẹ̀ pẹ̀lú: ègé fẹ́lẹ́ kan pẹ̀lú ẹyin, lórí tábìlì, tí wọ́n á jọ jókòó. Bàbá kò gbé e wá pẹ̀lú ṣúgà mọ́. Nígbà tí ọdún yí po, ó tún ìdánwò ìṣirò ṣe, ó sì yege. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà sípò kí ọdún mìíràn tó parí. Kò di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ o, egungun ìyá rẹ̀ ló ní. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá gágá, ó sì lè sáré bá ọkọ̀ bó bá fẹ́.

Bàbá Oníbúrẹ́dì gbó, ó tọ́, kó tó kú. Fóònù ni wọ́n ń tà báyìí níbi tí ààrò wà tẹ́lẹ̀. Rọ̀gbọ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú àwọn tó fẹ́ lo jígí ojú wò. Ara rẹ̀ ti wúwo padà nígbà tó bímọ, ó tún fúyẹ́; ó wúwo nígbà tó ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀, ó tún rọra bẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, tí àwọn ènìyàn ń ti ṣọ́ọ̀bù wọn, á wọ bàtà, á bọ́ síta. Ó ń ṣàárò ohùn ọkùnrin kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó sì ń bá ọ̀nà jà.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí ilé-ìwé girama, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó rí fọ́tò ìgbà èwe Rọ̀gbọ̀dọ̀, ó yà á lẹ́nu.

“Àǹtí, ẹ̀yin rèé? Oṣù mélòó lẹ fi ṣe é?”

“Mi ò tíì ṣe é tán.”

Ọmọ náà rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Rọ̀gbọ̀dọ̀ fà á mọ́ra.

“Òótọ́ ni mò ń sọ fún ẹ. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà àbùjá sí ohun tó gba sùúrù, á pàdánù ọ̀nà, á sì tún pàdánù ara ẹ̀. Mo ti débẹ̀ rí. Ohun tó bá wúwo ju agbára ẹ lọ, má fi pamọ́ fún àwọn tó fẹ́ràn ẹ, wá ẹni tí á bá ẹ rìn. Ọjọ́ tó bá sì sú ẹ, má bínú sí ara ẹ. Ọ̀la, tún bẹ̀rẹ̀.”

Ọmọbìnrin náà gbé fọ́tò náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó ti gbé wá láti ilé, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: òun náà ti ń wá oògùn tí yóò jẹ́ kí ara òun tètè fúyẹ́.